Ìmọ̀ràn Láìmọ Ọ̀ràn: Lámèyítọ́ Èdè Ìgbaninímọ̀ràn fún Ọ̀dọ́langba ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ìfáàrà

Àwọn onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ àti onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ló sábà máa ń kọ̀wé lórí ìgbaninímọ̀ràn ní ilé-ẹ̀kọ́. Àwa onímọ̀ èdè àti àṣà Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ dá sí i. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, torí pé èdè ni irinṣẹ́ olùgbaninímọ̀ràn. Bí olùkọ́ kan ní Òṣogbo tàbí Iléṣà bá jókòó ti ọmọ ọdún 14 tó gbà pé òun kò já mọ́ nǹkankan, ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá pa ọmọ lẹ́nu mọ́, a ti pàdánù rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ àti ọ̀ràn

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ ní Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Ní 1959, àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì tó ń darí St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe àwọn ènìyàn láti ẹnu iṣẹ́ oríṣiríṣi wá bá àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè yàn. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti 1977 fẹ iṣẹ́ náà lójú. Yàtọ̀ sí àìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́ nípa iṣẹ́, ó tún dárúkọ ìṣòro ìhùwàsí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìdí tó fi yẹ kí a yan olùgbaninímọ̀ràn sí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Síbẹ̀, àwòrán 1959 ni ọ̀pọ̀ wa ṣì ń rí: àgbà ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń gbọ́.

Gírámà dà bí ẹni pé ó kín èyí lẹ́yìn. Nínú gbólóhùn "Olùkọ́ gba ọmọ nímọ̀ràn", olùkọ́ ni olùwà, ọmọ ni àbọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìmọ̀ràn palẹ̀, ohun mìíràn ni a ó rí: ì + mọ̀ + ọ̀ràn. Ẹni tí kò mọ ọ̀ràn kò ní ìmọ̀ràn kankan láti fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ ọmọ ni ọ̀ràn sì wà. Ẹnu rẹ̀ ni a ó ti gbọ́ ọ. Nítorí náà, a kò tako ọ̀rọ̀ náà. Ìlò tó gbàgbé ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀ ni a ń bá wí.

Òwe àti orúkọ ìlú

Òwe ni àgbà sábà máa ń kọ́kọ́ fà yọ. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Ìrírí ni òwe náà ń gbé lárugẹ, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá pa á fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe ẹlẹ́yà, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ìyà tirẹ̀ kò tíì tó ìyà. Ọmọ ọdún 14 náà ní àkísà tirẹ̀. Òwe tó yẹ kí ó wà létí olùkọ́ ni pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Máàkì tó lọ sílẹ̀ ni ẹfà. A kò tíì rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹrù náà tún wúwo sí i. Òṣómàáló ni a ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà, nítorí àwọn oníṣòwò aṣọ wọn tó máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó yóò fi jáde. J.D.Y. Peel, tó kọ Ijeshas and Nigerians (1983), ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe so ẹ̀kọ́ ìwé pọ̀ mọ́ ọ̀làjú. Níbi tí a ti ka ìforítì àti ìwé sí tó bẹ́ẹ̀, ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò lè rò pé òun kò yẹ lọ́mọ Ìjẹ̀ṣà mọ́. A dábàá pé kí a yí orúkọ náà padà sí olùgbaninímọ̀ràn fúnra rẹ̀. Òun ló yẹ kó lóṣòó ti ọmọ, kó má kánjú, títí ọ̀ràn yóò fi jáde.

Orúkọ tí a fún ìrora

Láti ìgbà tí a ti fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, àìní ọ̀rọ̀ tó péye ti hàn síta. Létí ọ̀pọ̀ ọmọ girama, wèrè ni a ń sọ bí a bá ti dárúkọ ọpọlọ. Ta ni yóò kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀? Bákan náà, "ìgbéra-ẹni-ga" kò jìnnà sí ìgbéraga, ìwà tí ilé àti ilé ìjọsìn ń kìlọ̀ fún un. Ìbàlẹ̀ ọkàn àti mímọ iyì ara ẹni sàn jù, nítorí ọmọ ti mọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Ìlò ọmọ náà ṣe pàtàkì. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń ráhùn pé ìwé kíkà ti mú ọpọlọ wọn rẹ̀. Ara ni wọ́n fi sọ ohun tó ń ṣe ọkàn. Ọmọ tó bá ní "orí ń fọ́ mi" lójoojúmọ́ lè máa rọ́ ìtàn mìíràn.

Ẹ̀rí láti Òṣogbo

Ní 1962, Dúró Ládipọ̀ dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà tí Denis Williams àti, ní 1964, Georgina Beier darí níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ bíi Rufus Ogundele, tí a bí ní 1946, di ayàwòrán. Jimoh Buraimoh, tó ń bójú tó iná nínú ẹgbẹ́ òṣèré Ládipọ̀, wà lára wọn. Ibẹ̀ kì í ṣe ilé ìtọ́jú ọkàn, a kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan hàn: wọn kò wàásù iyì fún wọn, wọ́n fún wọn ní àyè àti ohun èlò, wọ́n sì dúró wo ohun tí wọn yóò ṣe.

Àgbálọgbábọ̀

Kí àwọn ẹ̀ka Yorùbá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́langba fúnra wọn fi ń sọ ìrora, ní ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà àti ní Yorùbá àjùmọ̀lò, kí a sì fi kọ́ àwọn olùgbaninímọ̀ràn. Àwọn ọ̀ràn kan yóò ju etí olùkọ́ lọ. Ilé ìwòsàn ni kí a darí wọn sí. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ èyí tó jù wá lọ, a ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.