Ọwọ́ Atẹ̀wé Ṣakí

Nínú pírójẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ Polí Òkè-Ògùn ní Ṣakí, “Figure 7” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tó bá fọwọ́ tẹ nọ́ńbà yẹn lásán yóò fi ìka àbámọ̀ bọnu: bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n fi àwòrán òfì Ìsẹ́yìn kan kún ti iwájú, gbogbo nọ́ńbà yóò yẹ̀, ìtọ́kasí kò sì ní mọ̀. Atẹ̀wé tó mọṣẹ́ á lo Insert Caption inú Microsoft Word fún àkọlé, á lo Cross-reference fún ìtọ́kasí. Bí nǹkan bá yí padà, á tẹ Ctrl+A, á tẹ F9, gbogbo rẹ̀ á tò.

Ibi tí mo ti ń kan sáárá sí àwọn atẹ̀wé bẹ́ẹ̀ jù nìyí: bí àkọlé bá wà ní bold, ìtọ́kasí lè gbé bold náà wọ àárín gbólóhùn. Onísùúrù á tẹ Shift+F9 kí kóòdù REF lè hàn, á fi \* CHARFORMAT sí ìparí rẹ̀, á yọ bold kúrò lára R tó bẹ̀rẹ̀ REF, á tún tẹ F9. Ìrísí lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ni ìtọ́kasí náà lódindi yóò tẹ̀ lé. Ẹ ò rí i pé làákàyè ńlá ni! Kí ìwé tó lọ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọn á tún wá “Error!” kiri, bóyá ẹnìkan ti pa àkọlé kan rẹ́.