Ọ̀bẹ Tó Mọ Oríkèé Ọ̀rọ̀

Ẹni tó bá ń to ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún ìtẹ̀wé mọ ìyọnu yìí dáadáa: ìlà ti fẹ́ kún, ọ̀rọ̀ gígùn kan kò sì rí àyè wọ̀. Wọ́n ní láti gé e, kí ìyókù bọ́ sí ìlà kejì. Ibo ni kí ọ̀bẹ gbà? Ní Yorùbá, èyí kò le, torí fáwẹ̀lì ló sábà máa ń parí sílébù wa. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Frank Liang, akẹ́kọ̀ọ́ Donald Knuth ní Yunifásítì Stanford, ló rí ọ̀nà rẹ̀ fún TeX, ètò kọ̀ǹpútà tí Knuth kọ fún títo ìwé. Ní 1983 tó kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé, ó gé àkọlé rẹ̀ gan-an sí wẹ́wẹ́: Word Hy-phen-a-tion by Com-put-er. Ó fi ẹ̀rọ tú ìwé atúmọ̀ èdè wò, ó ṣa àkójọ lẹ́tà kéékèèké 4,447 jáde, ó sì fi nọ́ńbà há wọn láàárín. 1, 3 àti 5 ní kí a gé. 2 àti 4 ní kí a má gé. Bí méjì bá ta ko ara wọn, èyí tó tóbi jù ló borí.

Ẹ wo hyphenation. hy3ph ní kí a gé lẹ́yìn y, kò sì sí ẹni tó jà á níyàn. 1na ní kí a gé ṣáájú n, he2n ní rárá, 2 sì borí. n2at tún ní kí a má ya n àti a. Ìgbà náà ni hen5at dìde bí àgbà tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn nínú ìpàdé: ẹ gé e níbẹ̀. hena4 wá dí ọ̀nà ṣáájú tion. Ó di hy-phen-ation.

Ìwé atúmọ̀ èdè ìbá tún ya a náà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ètò yìí fi í sílẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí a kò gé kì í dí òǹkàwé lọ́wọ́ tó ibi tí a ṣì gé.

Èyí tó wù mí jù ni ọ̀rọ̀ 14 tí wọ́n yọ kúrò lábẹ́ òfin àwọn nọ́ńbà yìí. Present àti project wà níbẹ̀ lódindi. Bí present bá jẹ́ ẹ̀bùn, pres-ent ni. Bó bá jẹ́ pé à ń gbé nǹkan kalẹ̀ síwájú ènìyàn, pre-sent ni. Kọ̀ǹpútà kò lè mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn, nítorí náà wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n nìyẹn.

Ọ̀nà Liang yìí náà ni LibreOffice àti Firefox ṣì fi ń gé ọ̀rọ̀ lónìí.