Alágbẹ̀dẹ Òpópónà Ọ̀tígbà

Nígbà tí GSM wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 2001, ta ni ó mọ̀ pé òpópónà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, tí tèwe-tàgbà mọ̀ sí Computer Village, yóò di ilé ìwòsàn tí fóònù aláìsàn ń wọ́ tọ̀ lọ? Mọ̀-ọ́n-gún, mọ̀-ọ́n-tẹ̀, iyán ewùrà kò ní ṣàì lẹ́mọ: gbájúẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi jókòó ti ògidì oníṣẹ́ ọwọ́ kan.

Fóònù mi kò gba iná mọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ náà kọ ihò tí a ń ki wáyà bọ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó fín, ó sì fi abẹ́rẹ́ tú òwú àpò ṣòkòtò tí ó ti dì síbẹ̀ bí ìdọ̀tí etí. Iná kò wọlé síbẹ̀. Ìgbà náà ni ó fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yọ́ òjé, tí ó fi ẹ̀mú tín-ín-rín gbé ihò àtijọ́ kúrò, tí ó sì jó tuntun mọ́ pátákó, láìjẹ́ kí ẹ̀yà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò tó hóró ìrẹsì, mira. Ògún Lákáayé ìbá rí i, ìbá pè é lọ́mọ.

Àwọn oníbàárà, ní tiwọn, ń jiyàn lórí fóònù tí ń ká bí ìwé, irú èyí tí Samsung gbé jáde ní ọdún 2019. Ẹnìkan ní ibẹ̀ ni ayé ń lọ. Èkejì ní ohun tí ó bá ń ká ni yóò ya.

“Ọ̀gá, ẹ máa jà lọ,” ni alágbẹ̀dẹ wa wí, tí kò gbójú sókè. Ó ki wáyà tirẹ̀ bọ fóònù mi, ó sì dojú rẹ̀ kọ mí. Iná ti wọlé.