Àṣá Lẹ́ẹ̀kejì: Àgbéyẹ̀wò Àwo Orin Beautiful Imperfection

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹwà kì í pé kó má kù síbì kan. Èrò yìí ni ó hàn nínú orúkọ tí Bùkọ́lá Elemide, tí a mọ̀ sí Aṣa, sọ àwo orin rẹ̀ kejì, Beautiful Imperfection, èyí tí a lè túmọ̀ sí ẹwà alálèébù. Ìlú Paris ni a ti bí olórin yìí ní ọdún 1982, ṣùgbọ́n Èkó ni ó ti dàgbà. Àwo rẹ̀ kìn-ín-ní jáde ní ọdún 2007, èkejì sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2010. Ilé-iṣẹ́ Naïve ti ilẹ̀ Faransé ni ó gbé e jáde. Orin pọ́ọ̀pù tí ó fara mọ́ rọ́ọ̀kì àti sóòlù ni. Ìbéèrè tí ó kan àwa olùkọ́ ni pé: ǹjẹ́ Yorùbá inú irú orin báyìí tó ohun tí a lè gbé yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí lítíréṣọ̀, àbí ọ̀ṣọ́ lásán ni?

Orin méjìlá ni ó wà nínú àwo náà. Mẹ́ta péré, ìkarùn-ún, ìkẹsàn-án àti ìkọkànlá, ni àkọlé wọn jẹ́ ti Yorùbá: Bimpé, Oré àti Broda Olé. Ẹnìkan lè sọ pé mẹ́ta nínú méjìlá kéré jù. Ṣùgbọ́n a kì í fi iye díwọ̀n iṣẹ́ ọnà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àkọlé mẹ́ta yìí ń ṣe. Ohun tí a fi ń pe ènìyàn ni gbogbo wọn. Bímpé jẹ́ orúkọ; ọ̀rẹ́ àti bùrọ̀dá náà jẹ́ ohun tí a fi ń ké sí ẹni tí ó wà níwájú ẹni. Àwọn àkọlé Gẹ̀ẹ́sì bí Maybe àti The Way I Feel, inú ọkàn ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Orin Yorùbá fẹ́ràn kí ó kọjú sí ẹnìkan, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ nínú orin òwe, orin ẹ̀fẹ̀ àti orin orogún. Ìlànà yìí ni olórin náà bá pàdé nígbà tí ó yà sí ọ̀dọ̀ Yorùbá. A sì gbọdọ̀ kíyè sí i pé orúkọ tí ó parí sí 'pé' ni ó wà láàárín àwo tí ń sọ̀rọ̀ àìpé.

Ẹ̀kẹta ni ó gbayì jù. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni bùrọ̀dá, nítorí pé ọmọdé kì í pe ẹ̀gbọ́n ní orúkọ. Síbẹ̀, èébú ni ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ń báni wí kò gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.

Ibi tí ó kù sí ni orí ìwé. Olè ni ẹni tí ń jalè, ọ̀lẹ sì ni ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ohùn àárín ni ó ṣáájú ohùn ìsàlẹ̀ nínú olè. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ṣáájú ohùn àárín nínú ọ̀lẹ. Kò sí ohùn òkè nínú èyíkéyìí. Àmì tí a fi sórí é nínú Olé kò bá ọ̀kankan mu. Ó bọ́ síbi tí ó yẹ nínú Bimpé àti Oré, ṣùgbọ́n a kò fi àmì sí sílébù àkọ́kọ́ Bímpé, a kò sì fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà fáwẹ̀lì méjèèjì inú ọ̀rẹ́. Ní èdè Faransé, ìró fáwẹ̀lì ni àmì yìí ń tọ́ka sí, kì í ṣe ohùn. Orúkọ olórin náà pàápàá ní àmì lábẹ́ ṣ, ṣùgbọ́n kò ní àmì ohùn tí yóò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín àṣá tí í ṣe ẹyẹ àti àṣà tí í ṣe ìṣe. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe kékeré. Ẹ̀sùn ni kí a pe ènìyàn ní olè. Ìbáwí ni kí a pè é ní ọ̀lẹ.

Etí ni a óò fi yanjú rẹ̀, nítorí pé orin Yorùbá tí ó dára a máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ìjọ Kristẹni kọ́kọ́ ń fi Yorùbá kọrin lórí ohùn orin Òyìnbó, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó yí ìtumọ̀ padà lẹ́nu akọrin. T. K. E. Phillips ti jíròrò ìbátan orin àti ohùn ọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music (1953). Ohùn orin àjèjì ni rọ́ọ̀kì náà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe kọ àkọlé sójú pátákó kí àwọn ọmọ tó gbọ́ orin. Kí wọ́n gbọ́ ọ ná, kí wọ́n fi àmì ohùn pípé kọ àkọlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ yìí yẹ ní kíláàsì lítíréṣọ̀. Àléébù tí olórin fi ṣe ẹwà, a gbà á. Èyí tí ìwé fi kún un, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe gbé e wọ yàrá ìdánwò.