Ohun Tó Wà Nínú Àpò Ṣòkòtò: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀mọ̀wé Tí Kò Parí

Ẹ̀sùn kan kì í wọ́n láàrin àwa tí a ń kọ́ olùkọ́: pé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé tí kò parí rẹ̀, àìní ìforítì ló bá a jà. A kò sọ pé kò sí ọ̀lẹ láàrin akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ẹ̀sùn yìí kò ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹgbẹ́ ASUU yanṣẹ́ lódì láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ó sì di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Oṣù 9 àti oṣù 8 jẹ́ oṣù 17. Ẹni tó wọ yunifásítì ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, nínú oṣù 36 àkọ́kọ́ rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ìdajì bá ìyanṣẹ́lódì lọ. A kò fi èyí bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ náà. Ohun tí wọ́n ń jà fún kò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a ka irú oṣù bẹ́ẹ̀ mọ́ gbèdéke akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ wá wo olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Sókótó níbí, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé láìgba ìyọ̀ǹda kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE, ó ń máàkì ìdánwò, ó ń lọ wo àwọn tó ń fi ẹ̀kọ́ kíkọ́ dánra wò ní Wurno àti Bodinga. Bí TETFund bá tilẹ̀ ràn án lọ́wọ́, owó kò lè bá a dín kíláàsì kù. Kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ló lè ṣe ìyẹn. Bí alábòójútó bá sì wá di orí kan mú fún oṣù mẹ́rin láìfèsì, ìforítì wo la tún ń bi akẹ́kọ̀ọ́?

Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Àwa tí a wá sí Sókótó lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí a yẹ àpò wa wò. Ohun méjì wà níbẹ̀ tí kò nílò àṣẹ láti Àbújá. Èkíní, kí alábòójútó àti akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nípa ọjọ́ tí èsì yóò máa jáde. Èkejì, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì dín iṣẹ́ olùkọ́ tó ti dé ìpele kíkọ ìwé ìwádìí rẹ̀ kù fún ọdún kan.

Lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, a máa ń ka orúkọ àwọn tó yege. Ẹ jẹ́ kí a tún máa ka iye àwọn tí wọ́n jọ wọlé tí wọn kò sí níbẹ̀, kí a sì bi wọ́n léèrè ohun tó dá wọn dúró.