Èkó Ojú-Sánmà: Ọ̀tẹ̀ Ìjọba àti Okùn Ẹbí nínú Ìwé Tade Thompson

Ní ọdún 1941 ni Wilson Tucker, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, sọ àwọn ìtàn àròsọ tí ọkọ̀ ti ń fò láti ìràwọ̀ kan dé èkejì ní space opera. Kì í ṣe oríkì ni ó fi orúkọ náà kì wọ́n. Yẹ̀yẹ́ ni ó fi wọ́n ṣe. Lójú tirẹ̀, ìtàn tí ó ti gbó, tí ẹnì kan kàn da ìràwọ̀ bò, ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó sì ń fi ojú eré ọmọdé wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọkọ̀ àti ìràwọ̀ kúrò, ohun tí ó máa ń kù nílẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti ka Baṣọ̀run Gáà, eré onítàn Adébáyọ̀ Fálétí tí ó jáde ní 1972: ààfin wà níbẹ̀, ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀, olóyè tí agbára ń gùn wà níbẹ̀, ọmọ tí a fi gbẹ̀san lára bàbá rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Nínú Dune tí Frank Herbert gbé jáde ní 1965, oníṣègùn tí ó da olúwa rẹ̀ kì í ṣe olójúkòkòrò rárá. Ìyàwó rẹ̀ ni ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Ilẹ̀kùn ẹbí ni ọ̀tẹ̀ gbà wọ ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún olùdánwò, nítorí pé àṣìṣe kan wà tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé ìdáhùn. Olùdánwò a kọ ọ́ pé kókó-ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní ni ọ̀tẹ̀ òṣèlú, yóò ṣe àlàyé rẹ̀ tán pátápátá, yóò fa ìlà sí i nídìí, yóò sì wá kọ ọ́ pé kókó-ọ̀rọ̀ kejì ni ìfẹ́ ẹbí. Ó dà bí ẹni pé ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń gbé inú Gáà, tí ọ̀kan jẹ́ bàbá, tí èkejì sì jẹ́ Baṣọ̀run. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìtàn Ọ̀yọ́ rí. Àwọn ọmọ Gáà ni ó fọ́n ká sí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni ìṣákọ́lẹ̀ ń lọ dípò ààfin. Aláàfin mẹ́rin ni ìtàn sọ pé ọwọ́ Gáà ni ikú wọn ti wá kí ó tó kan Abíọ́dún, bẹ́ẹ̀ agbára tí ó fi ń ṣe é kì í ṣe ti òògùn nìkan. Agbo ilé rẹ̀ ni ó sọ di ìjọba.

Far from the Light of Heaven ni orúkọ ìwé tí a fẹ́ fi ojú yìí wò. Tade Thompson, tí àwọn òbí Yorùbá bí sí London, tí ó dàgbà ní Nàìjíríà, tí ó sì jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ, ni ó kọ ọ́. Ọdún 2021 ni ó jáde, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi kọ ọ́. Ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Ragtime gbé ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí a fi oorun gígùn kùn, ó ń gbé wọn lọ sí ayé tuntun kan tí ń jẹ́ Bloodroot. Ọdún mẹ́wàá ni ìrìnàjò náà. Michelle Campion, tí wọ́n ń pè ní Shell, ni igbákejì atukọ̀. Ẹ̀rọ tí ó ní ọpọlọ ni atukọ̀ gan-an. Nígbà tí Shell fi máa jí, ẹ̀rọ kò dáhùn bí ó ti yẹ mọ́, mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú àwọn èrò ti kú ikú oró, ìkookò kan sì ń rìn fàlàlà nínú ọkọ̀. Yan Maxwell, ẹni tí ó lówó jù láàárín ọmọ aráyé, wà nínú àwọn òkú náà. Bloodroot rán Rasheed Fin tí í ṣe olùwádìí wá, pẹ̀lú Salvo, ẹ̀dá alátọwọ́dá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Láti ibùdó ojú-sánmà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lagos ni gómìnà rẹ̀, Lawrence Biz, ti gbéra wá pẹ̀lú Jọkẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ Thompson ti dùn jù nìyí. Lawrence kò bí Shell. Ọ̀rẹ́ bàbá Shell ni, arìnrìnàjò ojú-sánmà ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí a kò tọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá lè béèrè pé kí ni ó kan gómìnà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Òǹkàwé tí a tọ́ ní Ṣómólú kò ní béèrè; ó mọ̀ pé ọmọ ọ̀rẹ́ ẹni, ọmọ ẹni ni, àti pé ẹni tí ó bá gbọ́ igbe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí kò dìde, ojú yóò máa tì í lọ́dọ̀ bàbá ọmọ náà. Òǹkọ̀wé kò dúró ṣe àlàyé àṣà yìí fún àwọn òyìnbó tí yóò ka ìwé rẹ̀. Ó kàn jẹ́ kí Lawrence dìde.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Lawrence dìde, àga rẹ̀ ṣófo. Akọ̀wé rẹ̀ ni ó kù nílé tí ó ń dá àwọn aláṣẹ tí ó jù wọ́n lọ lóhùn, tí ó sì ń wá ọ̀nà tí ìlú kò fi ní parun nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀tẹ̀ inú ìwé náà, ẹ̀yìn ìlọ Lawrence ni ó ti gbóná. Nínú ìtàn Ọ̀yọ́, Abíọ́dún náà fi ààfin sílẹ̀. Ọba tí ó ń lọ kí Gáà pẹ̀lú ìtẹríba dìde lóru, ó múra bí tálákà, ó gba ọ̀nà Àkàlà lọ, títí ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ Ọ̀yábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Gáà ti fi Àgbọ̀nyín, ọmọbìnrin Abíọ́dún, rọ́pò ẹran àgbọ̀nyín tí wọn kò rí fún ètùtù. Ọgbẹ́ bàbá kò sì kéré. Síbẹ̀ kì í ṣe ọgbẹ́ yẹn nìkan ni ó gbé e rin ìrìn òru. Ìlú ni ó ń lọ gbà padà, ó sì gbà á ní 1774. Ẹni tí ó bá gbé ìjáde méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí ibi tí Thompson ti ṣàánú Lawrence jù. Ìwé náà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kò bi í ní ìbéèrè tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ìbá bi í: nígbà tí o lọ, ta ni o fi ìlú lé lọ́wọ́, ta ni o sì sọ fún?

Àléébù kejì wà lára apànìyàn inú ọkọ̀. Àwọn awakùsà ayé kan tí ń jẹ́ Tehani ti jìyà, wọ́n ti kú, nítorí èrè ilé-iṣẹ́ Maxwell. Ẹ̀san wọn ni ìpànìyàn náà. Nítorí náà, apànìyàn kì í ṣe wèrè. Olóòótọ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ ni, bí Lawrence ti jẹ́ olóòótọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èyí ni ó yẹ kí ó jẹ́ ọkàn ìtàn náà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí òǹkàwé tó gbọ́ nípa Tehani, àlàyé náà sì dé ní kánkán bí ẹni tí ó fẹ́ bá ọkọ̀ tí ó ti ń lọ. Fálétí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ojú wa ni ìwà Gáà ti gbó, tí ó sì rà.

Kí a wá wo orúkọ ibùdó náà. Èkó wo ni Lagos ojú-sánmà yìí? Gómìnà wà níbẹ̀, akọ̀wé wà níbẹ̀, àwọn olóṣèlú tí ń wo ẹ̀yìn ara wọn sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rìn ní àdúgbò àwọn òǹtẹ̀wé ní Ṣómólú mọ̀ pé ìṣèlú Èkó kì í gbé ilé ìjọba nìkan. Ìsọ̀ ìtẹ̀wé kan náà lè tẹ pósítà fún ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n ń bú ara wọn. Ẹni tí ń ti bébà bọ ẹnu ẹ̀rọ sì lè jẹ́ àbúrò ọ̀gá, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá tí ó wá kọ́ṣẹ́. Lẹ́bàá ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, níbi tí Afárá Kẹta tí wọ́n ṣí ní 1990 ti nà gbọọrọ lójú omi, okùn ẹbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dì mú nígbà tí ìjọba kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò sí nínú Lagos Thompson. Èkó tí kò ní Bàrígà ni.

Kì í ṣe pé kò mọ̀ wọ́n. Nínú Rosewater, ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2016, tí ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019, ìlú kan yọ yí òrùlé àjèjì ojú-sánmà kan ká. Àwọn aláìsàn tí ń wá ìwòsàn àti àwọn tí kò ní ibùgbé ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Òórùn ibẹ̀ burú débi pé ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ olóòórùn dídùn tí wọ́n fún un. Níbẹ̀ ni ìyá Káàárọ̀ ti fi igbe olè ta nígbà tí ọmọ rẹ̀ jí owó rẹ̀, tí èrò ìgboro sì dìde láti pa ọmọ náà. Kò sí ibi kankan nínú ìwé ọkọ̀ Ragtime tí ó fi okùn ẹbí tí ó já hàn ní gbangba tó bẹ́ẹ̀. Ní The Rosewater Insurrection, 2019, nígbà tí olórí ìlú náà, Jack Jacques, kéde pé wọ́n ti yapa kúrò lára Nàìjíríà, òǹkàwé ti mọ àwọn tí ó ń kéde fún. A kò mọ àwọn ará Lagos ojú-sánmà tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìwé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ kò kan ẹ̀ka Yorùbá. Òtítọ́ ni pé kò lè gba ipò Fágúnwà tàbí Fálétí nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan ní Bàrígà lè sọ ìjáde Lawrence fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá, kí ó ka ìjáde Abíọ́dún sí i, kí wọ́n sì fi Yorùbá jiyàn lórí èwo nínú wọn ni ó tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kò ní wọ́n wọn: atukọ̀, gómìnà, ẹ̀san, ìṣákọ́lẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́, gbogbo rẹ̀ ti wà. Ti Jọkẹ́ nìkan ni yóò fún wọn ní iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ aráyé, ẹ̀dá òde-ayé ni. Bí wọ́n bá pe irú ẹ̀yà ìyá náà ní àjèjì, kí ni wọn yóò pe ọmọ tí ìdajì rẹ̀ wá láti ibẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ bàbá rẹ̀, tí bàbá náà sì sọ ọ́ ní Jọkẹ́?