Ìtàn Orogún Nìkan Kò Tó ní Ìkògòsì

Ìrìn àjò afẹ́ tó ní amọ̀nà kọjá ọkọ̀ àti ọ̀nà. Ẹnì kan ló jókòó tò ó: ó yan ohun tí ojú yóò rí, ìtàn tí etí yóò gbọ́, àti èyí tí wọn yóò fò. Ìdí nìyí tí mo fi ka ìrìn ọlọ́jọ́ kan tó kó àwa ará Likosi àti Ṣágámù lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ìkògòsì kún iṣẹ́ tó yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò.

Ètò òwúrọ̀ mọ́gbọ́n dání. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wa lọ, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì lágbára, nítorí ìpele méje ni omi Olúmirìn ń gbà já bọ́ láti orí àpáta, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó gun ìkíní ló ń fojú kan ìkejì. Amọ̀nà wa mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá ọ̀pá fún àwọn àgbà, ó ń di ọmọdé lọ́wọ́ mú níbi tí àpáta ti ń yọ̀, ó sì dákẹ́ nígbà tó yẹ kó dákẹ́, kí a lè gbọ́ ariwo omi. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó sọ bí Akínlà, ọmọ ọmọ Odùduwà, ṣe tẹ ìlú náà dó, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pìtàn rẹ̀.

Ìkògòsì ni ọ̀rọ̀ wà. Níbẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Èèyàn lè ti ọwọ́ kan bọ èyí, kó ti ìkejì bọ tọ̀hún, kó sì mọ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Amọ̀nà sọ ìtàn ọkùnrin tó ní ìyàwó méjì tí ìjà wọn kò tán: oníjà di omi gbígbóná, oníwà pẹ̀lẹ́ di omi tútù, ọkọ wọn di òkè. Ó sọ ọ́ débi pé àwọn ìyá tó wà láàárín wa bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹjọ́ orogún náà. Ìtàn gidi ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pa á tì.

Àmọ́ ibẹ̀ ló parí sí. Ọmọkùnrin kan bi í bóyá òkè ayọnáyèéfín ló wà nísàlẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe. Kò ṣeé ṣe. Òkè Kamẹrúùnù, tó yọná ní 1999 àti 2000, ló sún mọ́ wa jù nínú irú òkè bẹ́ẹ̀ tó ṣì ń jó. Ní Iceland, níbi tí iná abẹ́ ilẹ̀ kò ti jìnnà, omi Strokkur máa ń tú sójú ọ̀run lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀. Ti Ìkògòsì yàtọ̀. Omi òjò ló ń wọ ojú sísán àpáta ní àwọn òkè agbègbè Ẹ̀fọ̀n, ó ń rìn jìnnà lọ sísàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń móoru, ó sì ń gba ojú sísán mìíràn jáde kó tó tutù. Amọ̀nà wa tún ní ooru orísun náà tó 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ yóò bó èèyàn lára, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nǹkan bíi 38 ni àwọn onímọ̀ àpáta tó wọ̀n ọ́n rí.

Ó dùn mí gan-an, torí ẹni tó lè pìtàn báyẹn lè fi Yorùbá tó dán mọ́rán sọ èyí náà. Irú ọ̀rọ̀ àpáta bẹ́ẹ̀ kò ní í ya àwa ará Rẹ́mọ lẹ́nu: ìkarahun ẹran inú òkun ń bẹ nínú òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ṣágámù láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, ẹ̀rí pé òkun ti bo ilẹ̀ wa rí.

Àkókò náà kò tó. Omi Arinta ní Ìpólé-Ìlórò, tí kò jìnnà sí Ìkògòsì rárá, wà nínú ètò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń ṣú, a fi í sílẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ bá wọn lọ o, Ẹ̀rìn nìkan tó owó ọkọ̀. Kó ṣáà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sùn mọ́jú nílé àlejò Ìkògòsì, kí Arinta lè ní òwúrọ̀ tirẹ̀.